Búrẹ́dì Ápù Aládùn Láti Inú Àṣẹ́kù Ìwúkàrà Kíkan: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Mi

Ẹni tó bá ń tọ́jú ìwúkàrà kíkan nílé, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní sourdough, ì báà jẹ́ ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Mọpà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, mọ̀ pé gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ bọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ bù lára rẹ̀ kúrò. Èyí tí a bù kúrò yẹn ni ọ̀pọ̀ ń dà sí gọ́tà, ó sì ń dùn mí gan-an. Fùláwà ni, owó ni wọ́n fi rà á. Búrẹ́dì ápù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí wà lára ọ̀nà tó dára jù láti fi jẹ ẹ́. Kì í ṣe èyí tí à ń pò sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kó tó pé wákàtí méjì, ó ti jáde lórí iná. Mo kó àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí lórí rẹ̀ jọ, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dáhùn ká ní ẹ dúró tì mí nílé ìdáná.

Kí ni ìwúkàrà kíkan, kí ló sì dé tí a fi ń bù lára rẹ̀ kúrò?

Fùláwà àti omi lásán ni. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, tí ẹ bò wọ́n, tí ẹ sì ń bọ́ ọ lójoojúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò rí á ti gba ibẹ̀. Irú méjì ni wọ́n: ọ̀kan ń mú un wú, ìkejì ń mú un kan. Ẹni tó bá ti rẹ ọkà bàbà tàbí àgbàdo fún ògì ti mọ ìkejì yẹn láti kékeré. Ẹbí kan náà ni èyí tó ń mú omi ògì kan.

Ní ti bíbù kúrò, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ ní ìwúkàrà 50 gíráàmù. Ẹ fi fùláwà 50 àti omi 50 bọ́ ọ, ó di 150. Bí ẹ kò bá bù nínú rẹ̀, lọ́jọ́ kejì ẹ óò nílò fùláwà 150 àti omi 150, ó di 450. Lọ́jọ́ kẹta, ó di 1,350. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní gbà á mọ́, àpò fùláwà á sì ti gbẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bù kúrò. Ẹ ní ìgò kan nínú fíríìjì tí ẹ ó máa bu gbogbo àṣẹ́kù sí. Bí ó bá pé 200 gíráàmù, búrẹ́dì ápù kan ti dé.

Ṣé àṣẹ́kù yìí ló máa mú búrẹ́dì náà wú?

Rárá, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Àṣẹ́kù tí ebi ti ń pa nínú fíríìjì láti ọjọ́ mélòó kan kò lágbára tó láti gbé ápù, ẹyin, òróró àti ṣúgà dìde láàárín wákàtí kan. Béékìn sódà àti béékìn páúdà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Sódà ń wá ohun kíkan tó máa bá ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti kan àṣẹ́kù, àwọn méjèèjì á hó, gáàsì á jáde, gáàsì yẹn ló sì ń lu ihò kéékèèké sínú búrẹ́dì.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ bu àṣẹ́kù ṣíbí ìjẹun méjì sínú ife, ẹ wọ́n sódà ìdajì ṣíbí tíì lé e, ẹ rò ó. Ẹ máa gbọ́ tí ó ń ta pẹ́pẹ́pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ife, èyí tó wúwo tó ń fà tẹ́lẹ̀ á di fúlẹ́fúlẹ́. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín mọ́ pé kí ẹ yára gbé àpòpọ̀ lọ síná lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sódà sí i.

Kí wá ni iṣẹ́ àṣẹ́kù yàtọ̀ sí ìyẹn? Adùn ni. Kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà kóni láyà. Ó tún ń mú kí inú búrẹ́dì rọ̀, nítorí pé ohun kíkan máa ń dín líle fùláwà kù.

Béékìn páúdà ní tirẹ̀ ti gbé ohun kíkan tirẹ̀ dání, kò dúró de àṣẹ́kù. Apoògùn kan ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alfred Bird, ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní 1843, nítorí pé ìwúkàrà kì í bá ìyàwó rẹ̀ lára mu. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ìfẹ́ ló bí ohun tí gbogbo ayé ń fi yan kéèkì lónìí.

Kí ni mo máa rà?

Fún búrẹ́dì kan, nínú páànù tó gùn tó 23 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ tó 13:

- àṣẹ́kù ìwúkàrà, 200 gíráàmù (ó dín díẹ̀ ní ife kan)
- fùláwà, 200 gíráàmù (ife kan àti ìdá méjì nínú mẹ́ta)
- ṣúgà, 150 gíráàmù
- ẹyin méjì
- òróró, 100 mílílítà (òróró ẹ̀pà tó mọ́ dára)
- ápù méjì tó tóbi níwọ̀nba, nǹkan bí 300 gíráàmù
- béékìn páúdà, ṣíbí tíì kan àbọ̀
- béékìn sódà, ìdajì ṣíbí tíì
- iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì
- sínámónì, ṣíbí tíì kan àbọ̀, àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀ tí ẹ fọwọ́ rin

Ife tí mò ń wí ni ife ìdíwọ̀n 240 mílílítà. Ẹ má fi mùdù tàbí agolo mílíìkì díwọ̀n fùláwà fún irú iṣẹ́ yìí. Bí a ṣe ń rọ ọ́ kún lónìí yàtọ̀ sí bí a ó ṣe rọ ọ́ lọ́la. Bí agbára bá gbé e, ẹ ra ìwọ̀n kékeré tó ń fi gíráàmù hàn. Nínú gbogbo ohun èlò ilé ìdáná, òun ni mo máa kọ́kọ́ rà fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Iye tí mo kọ yìí gbà pé omi àti fùláwà dọ́gba nínú ìwúkàrà yín. Bí tiyín bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú mílíìkì ṣíbí méjì sí mẹ́ta sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ tan ófúnù sí 175°C. Ẹ fi òróró pa páànù, ẹ tẹ́ bébà tí a fi ń yan búrẹ́dì sí i, kí etí bébà yọ sókè kí ẹ lè fi gbé búrẹ́dì jáde. Iná àti páànù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó pò ohunkóhun.

Ẹ bó èèpo ápù bí ẹ bá fẹ́. Ẹ fi ohun tí ẹ fi ń rin ilá rin ọ̀kan, ẹ gé ìkejì sí kéékèèké, kó má ju orí ìka kékeré lọ. Èyí tí a rin á yọ́ mọ́ inú búrẹ́dì, á mú un tutù. Èyí tí a gé ni ẹ óò máa bá pàdé lẹ́nu. Ẹ má fún omi èyí tí ẹ rin.

Nínú abọ́ ńlá, ẹ lu ẹyin, ṣúgà àti òróró pọ̀ títí á fi mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ da àṣẹ́kù sí i, ẹ lù ú kó má ṣe kóró. Nínú abọ́ mìíràn, ẹ po fùláwà, páúdà, sódà, iyọ̀ àti àwọn èròjà olóòórùn pọ̀, kí ẹ sì sẹ́ sódà dáadáa, nítorí kóró sódà kan tí kò yọ́ máa ń korò lẹ́nu ẹni tó bá bọ́ sí. Ẹ da gbígbẹ sórí tútù. Láti ibí, ẹ fi ṣíbí igi rò ó, ẹ má lù ú mọ́. Níbi tí fùláwà funfun bá kù díẹ̀ ni kí ẹ ti da ápù sí i, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ dúró. Ọ̀pọ̀ fùláwà ọjà wa jẹ́ ti búrẹ́dì, tó máa ń fà. Bí ẹ bá pò ó jù, búrẹ́dì á le, á sì ní ihò gígùn nínú.

Ẹ dà á sí páànù, ẹ wọ́n ṣúgà díẹ̀ lórí, ẹ gbé e wọ iná. Ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 55 sí 65. Ẹ má ṣí ófúnù kó tó pé ìṣẹ́jú 40. Ẹ fi igi ìtayín gún àárín. Bó bá jáde láìsí àpòpọ̀ tútù lára, ó ti jinná. Bí orí bá ń dúdú jù ṣáájú, ẹ fi bébà fóìlì bò ó.

Àti pé, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ lá abọ́. Ẹyin tútù wà níbẹ̀, fùláwà tútù wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì lè gbé àrùn inú wọlé.

Àǹtí, kọ́pà ni mí ní Ìyàrà. Mi ò ní ófúnù, iná kì í sì í dúró. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?

Má gbàgbé ẹ̀ o, àbúrò mi. Ìkòkò á ṣe é.

Wá ìkòkò ńlá tó nípọn, tí ọmọrí rẹ̀ dé dáadáa. Kó má jẹ́ èyí tí wọ́n kun inú rẹ̀ kí oúnjẹ má baà lẹ̀, nítorí ìkunnú yẹn kò yẹ fún iná gbígbẹ. Da yanrìn tó mọ́, tó gbẹ, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó nípọn tó ìka ọwọ́ méjì tí a gbé léra. Gbé òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta tàbí agolo kúkúrú kan tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí yanrìn, orí rẹ̀ ni páànù máa jókòó lé. Páànù kò gbọ́dọ̀ kan yanrìn, kò sì gbọ́dọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ooru ló yẹ kó yí i ká.

Dé e, tan iná gáàsì sí àárín méjì, jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15. Ìgbà yẹn ni kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ po gbígbẹ mọ́ tútù. Gbé páànù sí i, dé e, gbé ohun tó wúwo lé ọmọrí, dín iná kù díẹ̀. Ó máa pẹ́ ju ti ófúnù lọ, nǹkan bí wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá pé ìṣẹ́jú 40, ṣí i kíákíá, nu omi tó ti sùn sí inú ọmọrí kó má baà kán lé búrẹ́dì, kí o tún dé e.

Ohun kan tí ìkòkò kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ni kó mú orí búrẹ́dì pọ́n. Bí èédú bá wà, kó èédú gbígbóná sórí ọmọrí fún ìṣẹ́jú 15 tó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni kí o ti lo èédú, tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé fẹ́ jáde. Èéfín èédú nínú yàrá tí a tì ń pa èèyàn, kò sì ní òórùn tí ẹni tó sùn máa fi mọ̀. Jọ̀ọ́, má fi ìyẹn ṣeré.

Ápù ti wọ́n jù. Irú èwo ni kí n rà?

Ẹ má ra èyí tó ń dán jù lórí àtẹ. Ọ̀pọ̀ ápù tó ń wọ Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà ló ti ń wá, ó sì ti rìn jìnnà kó tó dé Lọ́kọ́jà, kó tó wá dé Kàbà. Nínú ìrìn àjò yẹn, àwọn kan á ṣá, àwọn kan á hunjọ. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á pé èló ni. Òun náà fẹ́ kí wọ́n kúrò lọ́rùn òun. Ẹ gé ibi tó ṣá kúrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹrà dé inú tàbí tó ti bu, ẹ fi sílẹ̀.

Ápù aláwọ̀ ewé ló wù mí jù fún èyí tí a ó gé. Granny Smith ni orúkọ rẹ̀, ní Ọsirélíà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1868. Ó kan, kì í sì í tètè fọ́ nínú iná. Pupa tó dùn ló dára fún èyí tí a ó rin. Bí owó bá tó ẹyọ kan péré, ẹ rin gbogbo rẹ̀.

Kajú kún ilẹ̀ níbí. Ṣé èso kajú lè dípò ápù?

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára àwọn tó ń kó kajú jáde jù ní Nàìjíríà, àwọn tó sì ti wọ oko kajú lágbègbè wa, láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ọdún, mọ bí ilẹ̀ abẹ́ igi ṣe máa ń rí: wọ́n ti yí kóró kúrò, èso pupa àti èso aláwọ̀ ìyeyè wà nílẹ̀ tí kòkòrò ń bò.

Ó lè dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe wà. Ohun tó ń fún ẹnu pọ̀ nínú kajú gbọ́dọ̀ dín kù. Ẹ mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lọ́jọ́ náà, tí kò fọ́. Ẹ yọ kóró láìfọ́ ọ, nítorí oje inú èèpo kóró kajú máa ń jó ara. Ẹ fọ èso, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá fún omi ara rẹ̀ títí yóò fi kù bí okùn rírọ̀. Ẹ wọ̀n 250 gíráàmù nínú èyí tí ẹ fún tán. Ẹ fi sínámónì kún un díẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò jọ ti ápù, òórùn kajú ló ní, ó sì bá kíkan ìwúkàrà mu gan-an. Bí kajú ṣe ń ṣòfò tó níbí, mo fẹ́ kí ọ̀pọ̀ yín dán èyí wò.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó dára bí ẹ bá gé e tí ẹ sì sẹ́ omi rẹ̀. Máńgòrò líle náà dára. Ìbẹ́pẹ ti rọ̀ jù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àṣẹ́kù mi ti bàjẹ́?

Omi dúdú tó léfòó lórí rẹ̀ kì í ṣe bíbàjẹ́, ebi ló ń pa á. Ẹ rò ó pọ̀ tàbí ẹ dà á kúrò. Òórùn kíkan, tàbí èyí tó jọ ti ọtí, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ilà pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí àwọ̀ ọsàn, tàbí irun ebu èyíkéyìí, ẹ dà á nù pátápátá, ẹ fi omi gbígbóná fọ ìgò. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣíbí yọ orí rẹ̀ ká lo ìsàlẹ̀.

Nínú fíríìjì tó ń tutù dáadáa, mo máa ń lò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í sì í kọjá méjì. Bó bá ti pẹ́ jù, ó ti kan jù, ó sì ti ṣàn jù. Búrẹ́dì rẹ̀ á dògò. Bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ kan àbọ̀ nínú ooru oṣù kẹta, ẹ má dúró mọ́, ẹ yan án lọ́jọ́ náà. Ẹni tí iná kì í dúró fún rárá lè tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ọ̀rá tó mọ́, kó gbẹ níbi tí oòrùn kò ti pa á tààrà, kó fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú ìgò. Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ. Ó máa pẹ́ lọ́wọ́ yín fún oṣù mélòó kan, bí ẹ bá sì fún un lómi àti fùláwà, ó máa jí.

Mà, àárín tèmi kì í jinná, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ti gbẹ. Kí ló fà á?

Ó sábà máa ń jẹ́ iná tó pọ̀ jù, tàbí páànù tó kéré jù tí àpòpọ̀ fi ga nínú rẹ̀. Páànù kò gbọ́dọ̀ kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ápù yín bá lómi púpọ̀, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó ga lórí iná tó wá wọ inú nígbà tó tutù, páúdà ti pọ̀ jù tàbí wọ́n ti ṣí ófúnù kí búrẹ́dì tó lágbára láti dúró. Ẹ sì ní sùúrù kí ẹ tó gé e. Gbígbóná rẹ̀ ṣì ń sè é nínú. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ kàn án kó tó pé wákàtí kan, á dà bíi pé kò jinná.

Sódà nìkan ló wà nílé, kò sí páúdà. Ṣé mo lè sọ ọ́ di púpọ̀?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Sódà tó bá ju ohun kíkan tó wà nílẹ̀ lọ máa ń mú búrẹ́dì dúdú, á sì máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu. Ẹ lọ ra páúdà.

Ṣé mo lè po gbogbo rẹ̀ lálẹ́ kí n yan án láàárọ̀?

Ẹ lè po àṣẹ́kù, fùláwà, òróró àti ṣúgà lálẹ́, kí ẹ bò ó sínú fíríìjì. Kíkan rẹ̀ á túbọ̀ wọ inú. Ẹyin, sódà, páúdà, iyọ̀, èròjà olóòórùn àti ápù, ó di àárọ̀.

Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní búrẹ́dì ìwúkàrà kíkan dára fún wọn. Ṣé kí n fún wọn ní èyí?

Mi ò ní tàn yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn, búrẹ́dì tí ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n ń bá wí. Èyí, ṣúgà 150 gíráàmù ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gé e sí ègé mẹ́wàá, ṣúgà 15 gíráàmù wà nínú ègé kọ̀ọ̀kan, kó tó wá kan ti ápù àti fùláwà. Ẹ lè dín ṣúgà kù sí 100, kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di oúnjẹ alátọ̀gbẹ. Dókítà wọn ni kí ẹ bi.

Bákan náà, ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kò gbọ́dọ̀ jẹ àlìkámà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ìwúkàrà kò yọ ohun tó ń ṣe é nínú àlìkámà kúrò.

Ọmọ mi wà ní yunifásítì ní Lọ́kọ́jà. Ṣé ó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìbu?

Ọjọ́ méjì ló lè lò lórí tábìlì nínú ooru wa, ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì, oṣù mẹ́ta nínú fírísà. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó wé e. Èyí tí wọ́n wé nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló máa ń bu, nítorí omi tó sùn sínú ọ̀rá. Ẹ má gé e kó tó lọ. Odindi máa ń pẹ́ ju ègé lọ.

Ṣé mo lè máa tà á?

Ẹ lè tà á. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò gbogbo rẹ̀ sórí ìwé: ápù, ẹyin, òróró, gáàsì, ọ̀rá, àti iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé gáàsì àti iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n á sì máa tà láìrí èrè. Àṣẹ́kù nìkan ni kò ná yín ní nǹkan tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ máa kó o sínú ọ̀rá olórúkọ kí ẹ sì gbé e fún ṣọ́ọ̀bù, NAFDAC ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá fún ìforúkọsílẹ̀. Fún àwọn tó ń ra ègé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ẹ má gé e lọ́jọ́ tí ẹ yan án. Lọ́jọ́ kejì ni omi ápù ti wọ inú rẹ̀ káàkiri, tí ọ̀bẹ ń gbà á kọjá láìfọ́.